Píkọ́ọ̀pù Ọkọ Mi Ti Dákẹ́

Olóòtú wa, mo kí yín láti Odigbo. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Bíárìn ẹsẹ̀ iwájú píkọ́ọ̀pù ọkọ mi máa ń kùn. Bí mo bá ti gbọ́ ọ lọ́nà oko, màá gbé iṣu kaná. Ọkọ mi kú lọ́dún tó kọjá. Àbúrò rẹ̀, tí mo ń pè ní Akọ̀wé, ló ń wa ọkọ̀ náà báyìí. Síbẹ̀, bó bá ti ń kùn bọ̀ nírọ̀lẹ́, ọkàn mi á kọ́kọ́ sọ pé ọkọ mi ló dé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Akọ̀wé pààrọ̀ bíárìn náà ní Ore. Ó wọ àgbàlá bí ọba.

“Ìyàwó wa, ayé owó epo rọ̀bì la wà, ọkọ̀ kì í kùn mọ́. Ti gómìnà gan-an ò dákẹ́ tó báyìí.”

Mo dúpẹ́, mo wọlé lọ sunkún.

Kò ṣe ibi; bí kò bá pààrọ̀ bíárìn náà ni, táyà ìbá yọ lójú títì. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n jẹ́ kó mọ ohun tó gbé lọ, àbí ọpẹ́ yẹn ti tó?