Òótọ́ Ni Koríko Elésè Àlùkò Yẹn, Àbíkẹ́

Ọdún mẹ́rin rèé, Àbíkẹ́, tí o ti fi wá sílẹ̀ nínú ọyẹ́. Ọdún mẹ́rin gbáko! Èmi Cornelius, ọkọ rẹ, ni mo ń kọ èyí ní orúkọ gbogbo ilé. Àwọn ọmọ ní èmi ni kí n kọ ọ́, torí ọ̀rọ̀ tí mo ní í bá ọ sọ pọ̀ ju tiwọn lọ. Wọn kò purọ́.

A ti kan òrùlé ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Tába, ní Ṣakí níbí. Fèrèsé tí o ní kí ó kọjú sí Òkè Àsabàrí, ibẹ̀ náà ni ó kọjú sí. Isaac àbíkẹ́yìn wa ti wà ní kíláàsì kẹfà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bàtà mi sì ti ń bá a mu. Ojúọlápé wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ìsẹ́yìn. Ọ̀pá tí ó fi ń rìn kò ní kí ó má gba ipò kìíní. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ nìyẹn, Àbíkẹ́! Ìwọ ni o kọ́ ọ.

Nígbà tí rọpárọsẹ̀ mú un lẹ́sẹ̀, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nílé ìwé, o fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀, o sọ yàrá iwájú wa di kíláàsì. Ojú tì mí. Ọ̀gá ilé ìwé ni mí, àwọn ènìyàn sì ń bi mí pé kí ló dé tí ọmọ ọ̀gá ilé ìwé fi ń jókòó sílé. Kò pẹ́ tí Mọ́ládé, nọ́ọ̀sì àdúgbò wa, náà kó ọmọ rẹ̀ méjèèjì wá bá ọ. Òun ni ó ra páànù ọ̀dà ìyàwòrán kékeré yẹn bọ̀ láti Ìbàdàn, èyí tí ẹ ń fi omi àti búrọ́ṣì pò.

Gbogbo Sátidé ni ẹ ń lọ sí ẹ̀yìn ìlú, ìwọ àti ọmọ mẹ́rin àti ìgò omi kan. Òdòdó igi irúgbá, èso igi òrí, lékeléke tó tẹ̀lé màlúù àwọn Fúlàní, gbogbo ohun tí ojú wọn bá rí ni wọ́n ń yà, tí wọ́n sì ń kọ déètì àti ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Ìwé Ohun Tí Mo Rí ni o sọ ìwé náà. O ní kí n tẹ̀lé yín. Mo ní ó di Sátidé mìíràn. Sátidé mìíràn, Sátidé mìíràn!

Ní ọjọ́ kan ni mo ṣí ìwé Ojúọlápé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ya pápá ní ìrọ̀lẹ́ ọyẹ́, ó fi elésè àlùkò kun koríko. Ọwọ́ mi ti mọ́ bíróò pupa jù. Mo fa ìlà láti igun dé igun, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Irọ́ ni. Koríko kì í ní àwọ̀ yìí. Mẹ́ta nínú mẹ́wàá." Ta ni ó ní kí n máàkì? Ta ni ó ní ìdánwò ni? O kò bá mi jà. O kàn ní, "Bàbá Ojúọlápé, ẹ kúkú tẹ̀lé wa lọ wò ó." Mo ní àwọn aláyẹ̀wò ń bọ̀ nílé ìwé.

Ọmọ náà kò fọwọ́ kan búrọ́ṣì mọ́. O bẹ̀ ẹ́ títí. Kí ọyẹ́ ọdún kejì tó parí, ẹ̀jẹ̀ ríru gbé ọ lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta tí a sin ọ́, mo ń ti ibojì rẹ bọ̀. Oòrùn ń wọ̀, eruku ọyẹ́ bo ojú ọ̀run, gbogbo koríko ẹ̀yìn ìlú sì di elésè àlùkò. Elésè àlùkò gan-an, Àbíkẹ́! Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú aṣọ ọ̀fọ̀, mo sunkún. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń gbé Ṣakí, n kò wo koríko rí.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Mo fi abẹ ha yíǹkì pupa ojú àwòrán náà, ìwé ló lu. A kì í sábà rí bàbá tó ń bẹ ọmọ nílẹ̀ wa, ọdún mẹ́rin ni mo sì fi ń gbé ẹ̀bẹ̀ náà mì. Ní Sọ́ńdè tó kọjá, tí Ojúọlápé ti Ìsẹ́yìn dé fún ìrántí rẹ, mo sọ fún un pé òótọ́ ni ohun tí ó yà, èmi ni mo purọ́, kí ó jọ̀ọ́ dárí jì mí. N kò tíì sọ ọ́ tán tí ọ̀pá rẹ̀ fi bọ́ sílẹ̀, tí ó kúnlẹ̀ lórí ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. "Bàbá, ẹ má bẹ̀ mí mọ́. Ẹ ò tíì rí i nígbà yẹn ni." A jọ sunkún. N kò ní tàn ọ́: kò béèrè búrọ́ṣì. Isaac nìkan ló ṣì ń yàwòrán nílé yìí.

Ọmọ ti dárí jì mí, Àbíkẹ́. Ìwọ tí mo ṣẹ̀ ṣáájú ni n kò rí bẹ̀. Àárò rẹ ń sọ wá, a kò gbàgbé rẹ, a kò sì ní gbàgbé. Mo fẹ́ràn rẹ. Ìgbà tí etí rẹ ṣì ń gbọ́ ni ó yẹ kí n ti sọ ọ́.