Egungun Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Mi Kì Í Ṣe Tìẹ

Agbo Ilé Sàláúdéènì,
Igbó-Ọrà.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Júùnù, 1991.

Táíwò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àtàwọn ọmọ. Ṣé ara gbogbo yín le ní Igangan? Kí Ọlọ́run Ọba má jẹ́ kí àìsàn mọ ọ̀nà ilé yín. Àwa náà wà níbí, a ń dúpẹ́.

Mo gbọ́ iṣẹ́ tí o rán, pé n kò gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ, torí láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe tìẹ, eṣinṣin á bà lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ, o ò ní mọ̀. O ní ojú kan náà la ní, ohun tó ṣe ọ́ á ṣe mí. Háà! Èmi Kẹ́hìndé, ẹ̀gbọ́n rẹ tó rán ọ lọ tọ́ ayé wò, ìwọ lo wá ń pàṣẹ fún! Ó ti bọ́. Mo ti ṣe é.

Lóòótọ́, ọ̀kadà kan náà ló gbé wa ṣubú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì àwa méjèèjì ló fọ́. Ìwọ ni wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú, torí Táíwò ló máa ń ṣíwájú. Ṣùgbọ́n egungun tèmi wọnú, ó há àgbọ̀n mi mọ́, ẹnu mi ò là ju kí ṣíbí ògì wọlé lọ. Dókítà Babáwálé ní bó bá pẹ́, wíwọ́ ló máa jinná.

Ni Màmá wa bá gbé fọ́tò egungun rẹ lọ bá a. Wọ́n ní, “Dókítà, ibi tẹ́ ẹ ti ṣèṣì kan iṣan Táíwò, ẹ ṣáà yẹra fún un lára eléyìí. Ọ̀kan náà ni wọ́n.” Dókítà ní, “Rárá o, Màmá. Ihò wẹ́wẹ́ ni iṣan tí awọ fi ń mọ̀ pé wọ́n fọwọ́ kan òun ń gbà jáde lára egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹlòmíì ní ẹyọ kan, ẹlòmíì méjì tàbí mẹ́ta, ẹlòmíì ò tiẹ̀ ní. Tọ̀tún ẹnì kan lè yàtọ̀ sí tòsì rẹ̀. Bí mo bá fi ti Táíwò ṣe ti Kẹ́hìndé, mo lè gé iṣan rẹ̀.”

Táíwò, ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ẹnu ni ò jẹ́. Láti kékeré, ilà kan náà, bàtà kan náà. Bí wọ́n bá nà ọ́, wọ́n á nà mí mọ́ ọn. Àṣé Ọlọ́run ti ya tèmi sọ́tọ̀!

Bàbá Gbénró, àbúrò bàbá wa, fárígá pé n kò gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Wọ́n ní bí mo bá buwọ́ lùwé, kí n má pe àwọn ní bàbá mọ́. Mo ní, “Ẹ má bínú, Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ máa bá mi jẹun ni?” Mo buwọ́ lù ú níṣojú wọn.

Ihò méjì ni dókítà bá lára tèmi; ẹyọ kan ni tìẹ. Ó yọ iṣan òkè nínú ewu, ṣùgbọ́n tìsàlẹ̀ ti já níbi tí egungun ti fọ́. Ẹnu mi ti là, mo ti jẹ iṣu sísun. N ò ní purọ́ fún ọ: ibì kan kú nísàlẹ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, kò tó èékánná. Tìẹ wà lókè nítòsí ojú. Bàbá Gbénró ní, “Ṣé o rí i?” Mo rí i. Tèmi ni, èmi ni mo sì yàn án.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí wa sí, kó má fi ọ̀kan wa sin èkejì. Àṣẹ.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tá a jọ gbé inú kan,
Kẹ́hìndé Mùínàt.

Mo tún rántí: Màmá ra àńkárá oríṣi kan náà fún àwa méjèèjì fún iléyá. Wọ tìẹ o. Mo ti rẹ tèmi sínú aró.