Fóònù Tó Dákẹ́ Níwájú Erin

Ọmọ mi àtàtà, àkọ́bí mi obìnrin,

Ṣé àlàáfíà lo wà, ṣé ara le, ṣé ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ kò yọ ọ́ lẹ́nu jù? Àwa ńlé dúró ṣinṣin. Ìyá rẹ kí ọ títí, orúnkún tó ń dùn ún ti rọ̀ díẹ̀. Ajá wa bímọ sábẹ́ bẹ́ǹṣì mi, n kò ríbi jókòó mọ́. Ìlú tí o wà kò ní le mọ́ ọ, ibi tí wọ́n bá ti ń pín oore, wọn kò ní fo orúkọ rẹ.

Èmi fúnra mi ni mo ń kọ ìwé yìí o, n kò bẹ ẹnikẹ́ni. Iléèwé alẹ́ tí mo lọ fún sáà kan péré, ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ju ohun tí àwọn mìíràn fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ lọ. Mo fi ayùn kọ́lé, mo fi ayùn rán ọ níléèwé, kí ni lẹ́tà lásán fẹ́ fi mí ṣe?

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé ni pé mo mọ̀ pé inú ń bí ọ sí mi. O pè mí, mo sì já fóònù mọ́ ọ létí. Láti ọjọ́ náà, o kò bá wa sọ̀rọ̀ mọ́. Èmi kì í bẹ èèyàn, o mọ̀ mí, àlàyé ni mo fẹ́ ṣe.

Igbó ńlá tí mo ti ń la gẹdú nígbà èwe mi, ìjọba ti sọ ọ́ di ọgbà ẹranko, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gégi tàbí yìnbọn níbẹ̀ mọ́. Wọ́n máa ń sanwó fún mi kí n lè wó igi, àwọn kan wá ń sanwó báyìí kí wọ́n lè wo igi! Wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni fún àwa tí à ń gbé nítòsí, lèmi àti ìyá rẹ bá múra. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, aládùúgbò wa, fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn ẹranko á gbọ́ ohùn mi láti ẹnu géètì, wọ́n á sì kó ẹrù wọn. Mo ní kó máa wò mí.

Ọmọbìnrin kan ló mú wa kiri, kò jù ọ́ lọ, ó wọ bàtà rọ́bà dé orúnkún, ó ń rìn bí ológbò. Mo gba fún un, o sì mọ̀ pé n kì í gba fún èèyàn. Ó fi ìka kan ojú ẹsẹ̀ kan nínú ẹrẹ̀, ó ní ẹtu ló kọjá láàárọ̀. Ó nawọ́ sókè, àwọn ọ̀bọ ń ju èso lu ara wọn lórí ìrókò bí ọmọ iléèwé tí tíṣà wọn kò wá. Igi kan wà tí gbòǹgbò rẹ̀ dúró bí ògiri ilé, ìyá rẹ bọ́ sáàárín méjì, n kò rí i mọ́ àfi ìgbà tó sín. Ọmọ mi, igbó náà lẹ́wà. Nígbà tí ariwo ayùn wà níbẹ̀, n kò gbọ́ pé omi ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ewé.

Ọmọbìnrin yẹn yá mi ní awò olójú méjì kan tó máa ń fa ohun tó jìnnà wá sítòsí. Mo gbé e sójú, ẹyẹ tó wà lókèèrè réré bọ́ síwájú imú mi, mo nawọ́ kí n mú un, ìyá rẹ ló gba ìgbátí. Mo wá yí awò náà sọ́nà ìlú rẹ, mo wá ilé rẹ títí, ewé nìkan ni mo rí. Ọmọbìnrin náà ní kò lè dé ibẹ̀. Mo bá a kẹ́dùn, ìjọba kì í ra ojúlówó.

Ṣé o rí i, kí a tó wọlé, ó ti ní kí oníkálukú fi fóònù sí sáìlẹ́ǹtì. Àgbà bíi tèmi kì í béèrè ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Mo yẹ gbogbo àpò mi wò, kò sí èyí tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo rò ó pé ibi tó fara sin jù lára èèyàn ni, mo gbé fóònù sábẹ́ fìlà.

Nígbà tí a dé etí odò, ó gbọ́wọ́ sókè, gbogbo wa dúró. Erin! Ìyá àti ọmọ. Ìyá ga ju yàrá tí mo kọ́ gbẹ̀yìn lọ, síbẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dún. Ọmọ ti rì sínú ẹrẹ̀, ìyá sì ń fi imú gígùn yẹn rọra tì í nídìí, kò bínú, kò kánjú. Mo dákẹ́. Ìyá rẹ ń wò mí bí ẹni tára rẹ̀ kò yá.

Ibẹ̀ ni orí mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin.

Mo fi ọwọ́ méjèèjì di fìlà mú, orin ò dáwọ́ dúró. Ìyá erin na etí, ó kọjú sí mi. Bó bá bínú, gbogbo wa ti lọ. Bó bá sá, ọmọ rẹ̀ wà nínú ẹrẹ̀. Mo yọ fóònù, mo rí àwòrán rẹ, mo tẹ pupa. Ìdí tí mo fi já a mọ́ ọ létí nìyẹn. Erin náà wò mí títí, ó yí padà, ó ti ọmọ rẹ̀ jáde, wọ́n sì wọ inú ewé lọ bí ẹni tí kò wá rárá. Omi dé ojú ọmọbìnrin yẹn. Kò bá mi wí. Ó kàn gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó tẹ nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní wàhálà ti tán, kò ní pariwo mọ́. Mo dúpẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àmọ́ láti ọjọ́ náà ni o ti ń bá wa yodì. Nírọ̀lẹ́, àwòrán rẹ a kàn tàn lójú fóònù, wàá máa rẹ́rìn-ín, o kò ní fọhùn. N kì í tẹ nǹkan kan, àbí ta ló ń dáhùn ohun tí kò dún? Bó bá ti kú, nọ́ńbà kan a hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ, nọ́ńbà náà sì ń pọ̀ sí i. Ìyá rẹ ní iye ọjọ́ tí o fi ń bínú ni fóònù ń kà. Mo ní rárá, ó máa ń fi méjì mẹ́ta lé sí i lójúmọ́ kan ṣoṣo, bí ìbínú náà ṣe wúwo tó ló ń wọ̀n. N kò fi han Tíṣà, kó má baà mọ̀ pé ọmọ mi ń bá mi yodì.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí ìyá rẹ fi ra bàtà rọ́bà, a tún fẹ́ padà lọ. Kí o sì bá mi ra awò olójú méjì yẹn, kó jẹ́ èyí tó lè dé ìlú rẹ. Bí owó rẹ̀ bá ju owó ọkọ̀ lọ, fi wọkọ̀ wálé, ojú wa lásán náà tó fi wò ọ́.

Ọ̀nà rẹ á là, ẹni tó máa tì ọ́ jáde nínú ẹrẹ̀ kò ní wọ́n ọ.

Èmi ni bàbá rẹ, Ọ̀gá Ayùn, tí erin wò lójú tí kò sá.

Ìyá rẹ ní kí n fi èyí kún un: bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, àwòrán rẹ tún ti tàn lórí tábìlì. A jọ jókòó, à ń wò ọ́. O ti rù díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín rẹ ṣì dára. Bínú rẹ bá ti rọ̀, jọ̀ọ́, pè wá.