Èèpo Ẹ̀gẹ́ Lẹ́yìn Táwẹ̀lì

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹta, 2006
Jídé tó ń ṣe fùfú ní Ballymun fún mi ní àpò èèpo ẹ̀gẹ́ méjì. Ó bi mí bóyá ewúrẹ́ ni mò ń sìn ní Clondalkin tí mò ń gbé, nínú ìlú òyìnbó níbí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mẹ́ta. Ó ṣàdúrà fún wọn!

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni olùkọ́ mi ní yunifásítì fẹ́ rí i bóyá pàǹtírí yìí lè di epo ẹ́ńjìnnì. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹlòmíì ló máa gba àyè ìwádìí kan ṣoṣo tó kù.

Ọjọ́rú, 8 Oṣù Kẹta
Mo ti lọ̀ ọ́, mo ti sè é, mo ti da ìwúkàrà sí i. Garawa wà nínú họ́ọ̀tì-prẹ́ẹ̀sì, kọ́bọ́ọ̀dù tí táńkì omi gbígbóná wà, lẹ́yìn táwẹ̀lì. Ooru ibẹ̀ — grand, bí àwọn ará ibí ṣe máa ń sọ pé nǹkan dára.

Ṣùgbọ́n Gómìnà! Alhaji Kabir ni mò ń pè bẹ́ẹ̀, ọkọ Anti Rafiat, àwọn tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Bí wọ́n bá gbọ́ pé nǹkan yìí máa kọ́kọ́ di ọtí kó tó di epo, mo wọ gàù.

Ọjọ́bọ̀, 9 Oṣù Kẹta
Ó ń rùn. Anti ní eku ti kú sínú ilé. Mo bá wọn wá a. Èmi gan-an ni mo di tọ́ọ̀ṣì mú.

Ọjọ́ Ẹtì, 10 Oṣù Kẹta
Gómìnà tú pákó ìsàlẹ̀ kíṣìnì, wọ́n ń wá eku. Ìṣó ya wọ́n lọ́wọ́. Èmi ni mo bá wọn di ọgbẹ́ náà. Ojú tì mí. Díẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11 Oṣù Kẹta
Àlejò wà ní pálọ̀, Alfa Abdulrasaq láti mọ́ṣáláṣí. Ìdérí garawa fò — gbàà! Ìfófòó ṣàn gba abẹ́ ilẹ̀kùn.

Gómìnà ní, “Nusaibah, kí lèyí?”
“Epo ọkọ̀ ni, sà.”
“Epo ọkọ̀ tó ń rùn bí ilé ọtí?”

Alfa rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí wọn. Gómìnà ò rẹ́rìn-ín. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Mo ní kò sẹ́ni tó máa mu ún, ẹ́ńjìnnì ni. Wọ́n wo ọwọ́ wọn tí mo dì.
“Kì í ṣe ọtí ló ń bí mi nínú. Eku tí o jẹ́ kí n máa wá ni.”

Mo sunkún. Wọ́n ní kí n gbé e lọ sí ṣẹ́ẹ̀dì, kí n ṣe é tán.

Ọjọ́ Ajé, 13 Oṣù Kẹta
Mo sè é ní láàbù, mo gba oru rẹ̀ tó tutù di omi sínú ìgò. Ìgò kékeré kan péré.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Oṣù Kẹta
Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi ń gé koríko la dà á sí. Ó wúkọ́, ó kú. Ó tún kú. Ẹ̀ẹ̀kẹta — ó ń ṣiṣẹ́! Olùkọ́ bọ̀ mí lọ́wọ́: èmi ni mo gba àyè náà.

Mo bojú wẹ̀yìn. Gómìnà! Nínú agbádá. Wọ́n gbọ́wọ́ lé ẹ́ńjìnnì náà, wọn ò gbé e kúrò títí epo fi tán. Wọ́n ní ọdún méjì làwọn fi kọ́ nípa ẹ́ńjìnnì ní Ìbàdàn kí bàbá àwọn tó kú, làwọn bá fi í sílẹ̀. Mi ò gbọ́ ọ rí.

Wọ́n wá bi olùkọ́ bóyá ibí máa ń gba ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta. Wọ́n gba fọ́ọ̀mù ìwọlé, wọ́n ká a sápò, wọ́n sọ sí mi létí pẹ́lẹ́:
“Má tíì sọ fún Anti rẹ o.”