Ohun Tí Bàbá Modeste Sọ ní Èbúté

                                        Ilé Kejì sí Ṣọ́ọ̀ṣì,
                                        Abúlé Dezétué,
                                        Ìhà Àríwá Kánádà.
                                        Ọjọ́ Kẹta, Oṣù Agẹmọ, 2018.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Florent,

Mo kí ọ, mo sì tún ọ kí. Ṣé ara le? Lucille aya rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, àti àwọn ọmọ-ọmọ tí mo mọ̀ nínú fọ́tò nìkan? Philomène àbúrò rẹ sọ fún mi pé wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ sí orúnkún rẹ, àti pé o ti ń rìn láìlo ọ̀pá. Mo dúpẹ́ fún ọ. Èmi náà wà láàyè. Etí ọ̀tún mi ti ń di, ojú mi sì ti ń ṣe bàìbàì, àmọ́ mo ṣì lè so ìwọ̀ mọ́ okùn bí mo bá gbé e sún mọ́ fèrèsé.

Yìnyín pẹ́ kí ó tó kúrò lójú adágún lọ́dún yìí. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni bàálù àkọ́kọ́ tó gbé àwọn àlejò apẹja dé. Iwájú ilé ni mo wà tí mò ń la igi, etí tó ń di yìí náà ló sì kọ́kọ́ gbọ́ ìró rẹ̀ láti ẹ̀yìn òkè, kí àwọn ọmọdé tó gbọ́. Mo rí i tó balẹ̀ sórí omi, tó ń fọ́n omi sọ́tùn-ún sósì bíi pẹ́pẹ́yẹ tí ebi ń pa. Lójú ẹsẹ̀, mo padà di ọ̀dọ́mọkùnrin. Mo rí ìwọ àti èmi tí à ń sáré lọ sí èbúté, nítorí ẹni tó bá kọ́kọ́ di okùn bàálù mú ni yóò yan àlejò tí yóò wọ ọkọ̀ rẹ̀. Ìwọ lo máa ń ṣáájú. Ẹni tó bá sanra jù lo sì máa ń yàn. O ní ẹni tó bá tóbi tó bẹ́ẹ̀ kò ní lè dìde nínú ọkọ̀, kò sì ní dà wá sómi.

Ṣé o rántí ìwọ̀ tí o fi irun ìrù ajá àti ìyẹ́ àparò funfun dì? Àwọn òyìnbó gbé ìwọ̀ tiwọn wá nínú àpótí onídígí, ọ̀kọ̀ọ̀kan jọ eṣinṣin débi pé ọwọ́ ẹni fẹ́ pa á. Síbẹ̀, tìrẹ ni ẹja ń gbé. Ìyáàfin kan ní kí èmi ògbufọ̀ bi ọ́ ní orúkọ rẹ̀. O ní, ‘Sọ fún un pé Ìdí Ajá ni.’ Mo sọ ọ́ bí o ṣe sọ ọ́. Obìnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀ láìrẹ́rìn-ín, ó sì ń pè é bẹ́ẹ̀ títí ó fi padà sílé.

Ọ̀sán ni mo sì fẹ́ràn jù. A ó gúnlẹ̀ sí erékùṣù kékeré kan, ìwọ a dá iná, èmi a gé ọ̀dùnkún àti àlùbọ́sà, bàbá rẹ, Bàbá Modeste, a la ẹja lórí àjẹ̀ ìtukọ̀, ọ̀rá a sì máa hó nínú páànù. Ẹ̀fọn a máa já bọ́ sínú rẹ̀. Nígbà tí àlejò kan ráhùn pé ẹ̀fọn wà nínú oúnjẹ òun, Bàbá kò gbójú sókè. Wọ́n ní, ‘Isidore, sọ fún un pé àwọn ẹ̀fọn yẹn ti jẹ ẹ́ láti àárọ̀. Kí ó jẹ wọ́n padà.’ Mo túmọ̀ ìyẹn náà bó ṣe rí, ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Florent, mo ń rántí ìgbà tí mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ bó ṣe rí kí n tó lè sọ ti ìgbà tí n kò ṣe bẹ́ẹ̀.

O mọ bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ yín. Nígbà tí ọkọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ́n wá kó àwọn ọmọ, Bàbá fi ọ́ pamọ́ sínú igbó, àmọ́ kò sí ẹni tó fi èmi pamọ́. Mo padà wálé lẹ́yìn ọdún púpọ̀ pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́, mo lè ka ìwé àwọn àlùfáà, n kò sì lè fi èdè wa bi ìyá mi bóyá ó jẹun. Bàbá rẹ ló mú mi wọ ọkọ̀. Wọn kò kọ́ mi bíi tíṣà. Wọ́n á kàn na ọwọ́ sí nǹkan, wọ́n á pe orúkọ rẹ̀, wọ́n á dákẹ́ títí n ó fi pè é. Omi, àjẹ̀, lẹbẹ, ìjì tó ń bọ̀. Bí mo bá pè é wọ́gọwọ̀gọ, ìwọ a máa rẹ́rìn-ín láti iwájú ọkọ̀, Bàbá a sì sọ pé, ‘Fi í sílẹ̀. Ahọ́n rẹ̀ ń yọ́ bíi yìnyín, yóò ṣàn láìpẹ́.’ Àwọn ló fi sùúrù dá èdè wa padà sí mi lẹ́nu. Nígbà tí ibùdó ìpẹja dé, tí Ọ̀gbẹ́ni Grubb tó dá a sílẹ̀ ń wá ògbufọ̀, àwọn náà ló ní kí n lọ. Wọ́n ní, ‘Ìwọ ni ẹnu mi.’

Ní àwọn ọdún àkọ́kọ́, ẹnu rere ni mo jẹ́. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́ ìbẹ̀wò kọ̀ọ̀kan, Bàbá a dúró ní èbúté, a kí àwọn àlejò pé adágún yìí ti gbọ́ ìró wọn, pé kí wọ́n jẹ, kí wọ́n yó, kí ẹsẹ̀ wọn má ṣe yọ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́. Bàbá a wá ju tábà díẹ̀ sómi lórúkọ wọn, bí ọrẹ fún omi. Ẹja tí àwọn àlejò bá mú, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n sì kó ìyókù lọ sílé nínú yìnyín. Ohun gbogbo lọ bó ṣe yẹ.

Lẹ́yìn náà ni Grubb ṣe òfin tuntun. Ó ní ẹja omi tútù kì í tètè dàgbà, nítorí náà ẹni tó bá mú ẹja, kí ó yọ ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀, kí ó ya fọ́tò, kí ó dá a padà. Èrò burúkú kọ́. Àmọ́ Bàbá kò lè gbà á. Wọ́n ní, ‘Bí ẹja bá ń dín, kí wọ́n mú díẹ̀. Ṣé wàá fi ìwọ̀ fa ọmọ ọlọ́mọ lẹ́nu, kí o fi ẹnu kò ó lẹ́nu, kí o wá ní kó máa lọ?’ Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ wọn ní èbúté ti yí padà. Ohun tí wọ́n ń sọ nìyí, bí mo ṣe gbọ́ ọ, láìfi kún un:

‘Ẹja kì í ṣe ohun ìṣeré. Èyí tí ẹ máa jẹ, ẹ mú un, ẹ dúpẹ́. Nígbà tí ẹ bá ti ní èyí tó tó yín, ẹ ká okùn yín. Mo fẹ́ bá omi sọ̀rọ̀ nítorí yín, mo sì ní láti mọ̀ bóyá ẹ gbà tàbí ẹ kọ̀. Ẹ dá mi lóhùn.’

Èmi kò túmọ̀ rẹ̀. Àwọn àlejò ti rin ọ̀nà jíjìn, ojú wọn ń dán, Grubb dúró lẹ́yìn wọn ó ń wò mí. Mo la ẹnu, ọ̀rọ̀ ti àtijọ́ ló sì jáde, pé adágún ti gbọ́ ìró yín, ẹ jẹ, ẹ yó. Wọ́n pàtẹ́wọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Bàbá bi mí pé, ‘Kí ni wọ́n wí?’ Mo ní, ‘Wọ́n ní àwọn gbọ́, àwọn sì gbà.’ Bàbá mi orí, wọ́n ju tábà sómi. Wọ́n ti ṣe onígbọ̀wọ́ fún àwọn tí kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni dúró fún àwọn.

Ẹ̀ẹ̀kan kọ́ ni mo ṣe é. Bàbá a rí àwọn àlejò tí wọ́n ń dá ẹja padà, Bàbá a bi mí, n ó ní ẹja yẹn ti kéré jù, pé àlejò náà ní kó lọ dàgbà. Bàbá gbà mí gbọ́. Kí ni ìdí tí wọn kò fi ní gbà mí gbọ́, nígbà tó jẹ́ pé àwọn ló kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ tí mo fi ń purọ́?

Ọjọ́ tí wọ́n rán ọ lọ gbé epo ọkọ̀ ni ó bàjẹ́. Àwọn àlejò fi ìgò ọtí kan ṣe ẹ̀bùn fún ẹni tó bá mú ẹja jù ní ẹnu odò, ẹja onílẹbẹ gíga bí ìgbòkun tí ìwọ fẹ́ràn. Oòrùn mú lọ́jọ́ náà. Wọ́n mú, wọ́n dá a padà, wọ́n kà á, wọ́n ń pariwo. Ní ìrọ̀lẹ́, òkú àwọn ẹja náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn bọ̀ sí èbúté, ikùn wọn funfun lókè. Bàbá dúró wò wọ́n títí. Wọ́n wá yíjú sí mi, wọ́n ní, ‘Ṣebí wọ́n ní àwọn gbà?’ Mo ní, ‘Wọ́n gbà, Bàbá. Òyìnbó ló máa ń tètè gbàgbé.’

Bàbá kò bá mi jà. Wọ́n gbé kẹ́tùlù wọn sínú ọkọ̀, wọ́n tú okùn, wọ́n sì wà á lọ sílé. Wọn kò padà sí ibùdó náà títí ayé.

Ìyókù ni ìwọ mọ̀. Grubb ti ṣèlérí pé ìwọ ni yóò fi ṣe ọmọ iṣẹ́ awakọ̀ bàálù ní ìgbà òtútù, àmọ́ nígbà tí Bàbá fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó ní òun kò fẹ́ ẹnikẹ́ni láti ilé yín mọ́. O bá Bàbá ní iwájú ilé. Mo wà níbẹ̀, mo di ìjánu ajá mú. O ní, ‘Ìlara ló ń pa yín. Ẹ kò fẹ́ kí n ju yín lọ.’ Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fi dá ọ lóhùn ni, ‘Wọ́n ní àwọn gbà.’ O rò pé wọ́n ń ṣe ìrànrán. O ní wọ́n ti ń ṣarán. O kó ẹrù rẹ, o lọ sí Edmonton, ìgbà òkú wọn ni o tó padà wá, o sì dúró létí ibojì bí ẹni tí ń dúró de ọkọ̀. Florent, Bàbá kò ṣarán. Wọn kò sì kórìíra ire rẹ. Ọ̀rọ̀ tí mo fi sí wọn létí ni wọ́n sọ fún ọ. Gbólóhùn kan péré ni mo ní láti sọ lọ́jọ́ náà, mo sì mú un mọ́ra di ogbó. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi rìn ju ogún lọ dáadáa.

Ìdí tí mo fi kọ̀wé nísinsìnyí nìyí. O mọ̀ pé abúlé ló ni ibùdó náà báyìí. Wọ́n fẹ́ kan pákó kan mọ́ èbúté ní oṣù Ògún, kí ọ̀rọ̀ Bàbá wà lórí rẹ̀, kí ìwọ sì wá kà á. Philomène wá bá mi kí n kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún káfíńtà. Ó ní, ‘Èyí tó dùn yẹn, pé adágún ti gbọ́ ìró yín.’ N kò lè kọ ọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní, ‘Ẹnu yìí náà lo fi ń jẹ ẹran gbígbẹ mi láti ọjọ́ yìí?’ Mo ní òun ni. Ó dìde, ó bu tíì fún mi.

Nígbà tí bàálù dé ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo tọrọ àyè ní èbúté. Mo sọ ọ̀rọ̀ Bàbá ní èdè wa, mo sì túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe rí, títí dé ‘ẹ dá mi lóhùn.’ Àwọn méjì rò pé àwàdà ni. Ọkùnrin kan yíjú sí ẹrù rẹ̀. Obìnrin kan tó ti ń hu ewú bi mí pé, bí àwọn bá ní àwọn gbà, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Mo ní n ó ju tábà sómi lórúkọ wọn. Ó ní, ‘Ẹ má jù ú lórúkọ mi. Torí kí n lè mú ẹja púpọ̀ ni mo ṣe wá, n kò sì fẹ́ parọ́ fún yín.’ Mo dá tábà náà padà sápò. Mo sì rò ó lójú ọ̀nà ilé pé èsì tí Bàbá ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyẹn. Bí àwọn àlejò ìgbà náà bá ti sọ fún Bàbá pé ‘a kọ̀’, Bàbá ì bá wa ọkọ̀ wọn lọ sílé láìru ẹ̀bi ẹnikẹ́ni, ìwọ náà ì bá sì mọ ìdí rẹ̀.

Bá mi kí Lucille àti gbogbo ọmọ. Philomène ní kí o mú aṣọ òtútù wá, ó ní ìlú ńlá ti sọ ẹ̀jẹ̀ rẹ di omi. Pákó náà ṣì wà lọ́dọ̀ káfíńtà, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Ìwọ ni wàá sọ ohun tí yóò kọ. Bí o kò bá fẹ́ rí mi lọ́jọ́ náà, ránṣẹ́, n ó jókòó sílé mi. Àmọ́ bí o bá lè gbà mí, dúró níbi tí Bàbá máa ń dúró sí, kí o sọ ọ̀rọ̀ wọn ní èdè wa, kí n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Nígbà tí o bá parí, bi mí ní ohun tí àwọn àlejò wí. Ohun tí wọ́n bá wí ni n ó sọ fún ọ.

                                        Èmi ni, tìrẹ láti inú ọkọ̀ Bàbá wá,
                                        Isidore.