Ìyé Mi, Ẹ Bo Oúnjẹ Folúkẹ́ Sílẹ̀

Ẹ kú ilé o, Ìyé mi. Ẹ kú àtijọ́, ẹ kú ọyẹ́. Èmi Òjó, àkọ́bí yín, mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ ní ibi tí yìnyín ti bo ilẹ̀. Àyà mi tutù, ṣùgbọ́n mo dọ̀bálẹ̀ náà ni. Ṣé ara le? Ṣé orúnkún yín ti ń gbọ́ràn sí yín lẹ́nu? Mo kí Bàbá Kékeré ní Ìjàn, mo kí gbogbo ẹgbẹ́ elépo yín àtijọ́ ní Ọjà Ọba, àwọn tó kù láyé nínú wọn. Mo kí Folúkẹ́ àbúrò mi, àbígbẹ̀yìn yín, tíṣà àwọn ọmọ kéékèèké, ẹni tí lẹ́tà yìí tìtorí rẹ̀ jáde.

Mo mọ̀ pé ẹ ó béèrè ohun tó dé tí n kò pè yín lórí fóònù, tí mo wá gbé ọ̀rọ̀ ilé wa sínú ìwé ìròyìn tí ará Adó àti ará Ìyìn ń kà. Bí mo bá pè, tí mo bá ti dárúkọ Folúkẹ́, ẹ ó ní nẹ́tíwọ̀kì kò dára, ẹ ó sì pa á. Mo mọ̀ yín, Ìyé mi. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń ka èyí sí yín létí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí àwọn aládùúgbò jókòó tí wọ́n ń gbọ́, ibo lẹ ti fẹ́ rí ibi tí ẹ ó tẹ̀ tí yóò fi pa?

Ọ̀rọ̀ náà kò ju báyìí lọ. Folúkẹ́ fẹ́ du ipò kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wa. Ẹ̀yin ní ẹ kò ní gbé ọwọ́ lé e lórí. Òun náà ní bí ìyá òun kò bá súre fún òun, òun kò ní jáde, kódà kí gbogbo wọ́ọ̀dù gbé òun lọ́rùn. Ẹ ní òṣèlú ló jó ulé yín, kò ní jó ọmọ yín. Ẹ tún pa òwe fún un pé ọmọdé kò mọ̀ pé iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́. Nígbà tó sì pè mí pé kí n bá òun bẹ̀ yín, ẹ̀yin ni mo gbè lẹ́yìn. Mo ní kó gbájú mọ́ ṣọ́ọ̀kì àti pátákó rẹ̀. Ó ní òun ti gbọ́, Ẹ̀gbọ́n, ó sì dákẹ́. Folúkẹ́ tí kì í dákẹ́!

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn ara mi ná kí n tó sọ ohun tó yí mi lọ́kàn padà, torí ẹni tó ṣe rere tí kò sọ ọ́, ọ̀tá ni yóò bá a sọ ọ́. Èmi tí mo fi Prámárì Mẹ́ta sílẹ̀, tí mo ń lẹ táyà lẹ́bàá títì Ìyìn pẹ̀lú ẹ̀rọ ìfẹ́táyà kan ṣoṣo tó ń wúkọ́ bí ewúrẹ́, èmi náà ni mo di ọ̀gá oníṣẹ́ táyà ní ìlú Lublin ní ilẹ̀ Pólàǹdì. Ṣọ́ọ̀bù mi ní ilẹ̀kùn irin tó ń fúnra rẹ̀ gòkè. Òyìnbó méjì ló ń bá mi ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń ka lẹ́tà yìí tún ibẹ̀ kà: òyìnbó méjì, èmi ni wọ́n ń pè ní ọ̀gá. Bẹ́ẹ̀, tíṣà tó nà mí ní Prámárì Mẹ́ta sọ pé orí mi kò gba nǹkan kan. Orí yìí ló gba èdè Pólàǹdì, èdè tó dà bí ìgbà tí ènìyàn ń jẹ ẹ̀gúsí tòun ti èèpo.

Níbí, Ìyé mi, mọ́tò ń pààrọ̀ bàtà. Táyà ìgbà ooru wà, táyà ìgbà òtútù wà. Lọ́jọ́ tí yìnyín bá kọ́kọ́ já, àwọn tó ti ń sọ pé àwọn ń bọ̀ lọ́la láti oṣù tó kọjá yóò tò síwájú ṣọ́ọ̀bù mi bí ẹni tó ń dúró de omi ẹ̀rọ. Ibẹ̀ ni owó tí mo fi pààrọ̀ páànù ilé yín ti wá. Ìrunú tèmi ni pé wọn kì í kí ènìyàn lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n á bá ọ lábẹ́ mọ́tò, ọwọ́ rẹ dúdú, ẹ̀yìn rẹ ń ro ọ́, wọ́n á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ kọjá bí ẹni pé òkúta lo jẹ́. Èmi wá ń kí ara mi ẹ kú iṣẹ́, èmi náà ni mo sì ń dáhùn. Àwọn òyìnbó mi ti kọ́ ọ báyìí. Tí mo bá wọlé láàárọ̀, wọ́n á ní ẹ kú ìṣẹ́ o. Ìṣẹ́, bí ìyà. Mo ń ṣe àmín sí òdìkejì rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà mi ni Ọ̀gá Marẹ́kì. Orí rẹ̀ pá, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣòfin fún gbogbo ilẹ̀ Yúróòpù ni. Ó ń wọ bàlúù lọ síbi tí wọ́n ti ń jókòó, ṣùgbọ́n mọ́tò rẹ̀ ti gbó jù mí lọ. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá, mo wo táyà rẹ̀, mo ní Ọ̀gá, ẹ̀yin aṣòfin ńlá, táyà yín ti pá bí orí yín. Àwọn òyìnbó mi fẹ́ wọlẹ̀ nítorí ìtìjú. Òun rẹ́rìn-ín títí tó fi di mọ́tò mú. Ó ní òun ti wo gbogbo òfin Yúróòpù, kò sí èyí tó ka orí pípá léèwọ̀, ṣùgbọ́n ti táyà wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni a ti di ọ̀rẹ́. Bó bá ti dé, yóò jókòó lórí táyà tí n kò tíì tà, yóò gba tíì lọ́wọ́ mi, a ó sì máa tàkúrọ̀sọ.

Tíṣà ni òun náà nígbà èwe rẹ̀. Ìjọba tó wà nígbà náà, àwọn tí wọ́n ń pè ní kọ́múníìsì, ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ kí gbogbo ènìyàn máa tẹ̀ lé. Ohun tí ìjọba bá sọ ni kí ìwé ìròyìn gbé. Bí ẹran bá wọ́n lọ́jà, ènìyàn kò gbọdọ̀ sọ pé ó wọ́n. Ọ̀gá Marẹ́kì àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá wọ yàrá abẹ́ ilẹ̀ kan lọ, wọ́n ń tẹ ìwé pélébé tí wọ́n kọ òótọ́ sí. Ẹ sì gbọ́ èyí, ẹ̀yin tó ń fi ojú kéré iṣẹ́ wa: inú táyà ni wọ́n ń kó ìwé náà sí kiri! Ẹlẹ́gbẹ́ mi kan, oníṣẹ́ táyà, ló ń tú u, tó ń tò ó sínú rẹ̀, tó tún ń dé e padà. Mo ní mo mọ̀. Mo ní kò sí òmìnira tí àwa alátáyà kò bá wọn dá sí.

Wọ́n mú un. Wọ́n lé e kúrò níṣẹ́ tíṣà, wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n. Nígbà tó jáde, kò sẹ́ni tó gbà á síṣẹ́ àfi ilé ńlá kan tí wọ́n ti ní kó máa kó èédú sínú iná tó ń mú ilé móoru. Ẹni tó kàwé tó bẹ́ẹ̀, Ìyé mi, ló ń fi ṣọ́bìrì kó èédú bí alágbẹ̀dẹ. Nígbà tí ìjọba náà wó, tí àwọn ará ìlú wá ń dìbò bó ṣe wù wọ́n, ṣé ẹ mọ ipò tó kọ́kọ́ dù? Kánsẹ́lọ̀ ni. Kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù, bíi ti Folúkẹ́ gan-an. Ó ní gọ́tà àdúgbò àwọn ló kọ́kọ́ mú àwọn ènìyàn bá a jà, òun sì tún un ṣe. Láti ibi gọ́tà ló ti dé ilé aṣòfin orílẹ̀-èdè rẹ̀, kó tó di ti Yúróòpù.

Mo gbọ́ gbogbo èyí, kò tíì yí mi lọ́kàn padà. Mo ní ti òyìnbó nìyẹn. Kérésì tó kọjá yìí ló yí mi.

Ọ̀gá Marẹ́kì ní kí n má ṣe dá jókòó sílé, kí n wá bá ìdílé òun jẹun Kérésì. Àwọn tiwọn, àṣálẹ́ tó ṣáájú Kérésì ni oúnjẹ ńlá wọn. Mo ní n kò ní lè lọ, oorun ni n ó sùn. Nígbà tó di àṣálẹ́ ọjọ́ náà, ilé mi dákẹ́ bí ilé ìwé nígbà họ́lídè. Mo gbé aṣọ òkè mi wọ̀, mo dé fìlà, mo lọ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń wá ìràwọ̀ àkọ́kọ́ lójú ọ̀run nígbà tí mo dé, torí wọn kì í jẹun àfi tí wọ́n bá rí i. Wọ́n pariwo ayọ̀. Ọbẹ̀ pupa kan wà lórí tábìlì, inú mi dùn, mo ní ọmọ elépo rí epo. Mo tọ́ ọ wò. Ìyé mi, ọbẹ̀ náà kan, ó tún ń dùn bíi ṣúgà! Kò sí ẹran níbẹ̀, ẹja ni wọ́n ń jẹ lálẹ́ náà.

Àwo kan wà tí kò sẹ́ni tó jókòó sídìí rẹ̀. Wọ́n tẹ́ ṣíbí sí i, wọ́n gbé àga sí i, wọ́n ní kí n wá jókòó. Mo fà sẹ́yìn. Mo ní ìyàwó Ọ̀gá Marẹ́kì tó kú ni wọ́n tẹ́ àwo fún. Mo ní ẹ ṣeun, ọmọ ìjọ ni mí, n kò lè jẹ oúnjẹ òkú, n ó dúró jẹ tèmi. Nígbà tí ohun tí mo ń sọ yé wọn, ọmọbìnrin rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n ní rárá, gbogbo ilé ní Pólàǹdì ló ń ṣe é, àwo náà wà fún ẹni tó bá dé láìròtẹ́lẹ̀. Wọ́n ní èmi gan-an ni wọ́n tẹ́ ẹ dè.

Ọ̀gá Marẹ́kì wá sọ fún mi pé ìyá òun kò fẹ́ kí òun ṣòṣèlú rárá. Ìyá náà ti sọ pé tó bá wọ inú ọ̀rọ̀ ìjọba, kó má pe òun ní ìyá mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n mú un, kì í ṣe alẹ́ Kérésì nìkan ni ìyá rẹ̀ ń tẹ́ àwo dè é. Lálaalẹ́ ni. Ó ní òun jáde lẹ́wọ̀n lọ́jọ́ kan láìsọ tẹ́lẹ̀, òun wọlé, ọbẹ̀ òun wà níbẹ̀. Ìyá kò sọ nǹkan kan ju pé kó lọ fọ ọwọ́.

Ìyé mi, mo gbé ṣíbí sílẹ̀. Ta ni mo rí? Ẹ̀yin ni. Mo rí ọdún tí wọ́n jó ilé wa nítorí ìbò, tí Bàbá sá lọ sóko ní Ìjàn. Mo rí yín nínú ilé tí kò lórùlé, tí ẹ ń gún iyán lálaalẹ́, tí ẹ ń bu ti Bàbá sínú abọ́, tí ẹ ń fi àwo bò ó. Àwa ọmọ ní ẹ fi oúnjẹ ṣòfò, ẹ ní ká lọ sùn. Bàbá sì dé ní ìdájí ọjọ́ kan, ewé gbígbẹ lórí rẹ̀, ó ṣí abọ́ náà, ó jẹ ẹ́ ní tútù. Kò bú yín pé ó tutù. Ó tún lo ọdún púpọ̀ láyé kó tó lọ ní ọjọ́ ogbó. Èmi ni mo jókòó níbẹ̀ tí mo ń sọ fún òyìnbó pé ìyá mi ló bí ìyá rẹ̀ nínú ọgbọ́n.

Nítorí náà, mo yí ohùn mi padà, gbogbo ìlú sì ń gbọ́: ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọwọ́ lé Folúkẹ́ lórí. Ẹ kò lè sọ pé iná kò ní jó. Ẹ lè sọ pé oúnjẹ rẹ̀ wà nílé.

Ibi tí mo kọ ọ́ dé nìyí, tí mo gbé bírò sílẹ̀ láti fọwọ́ pa ara mi lórí pé mo mọ̀rọ̀ sọ, ni Folúkẹ́ pè. Ariwo ọjà ló gba gbogbo fóònù náà. Ó ní bàbá kan wá bá yín nílé láàárọ̀, ó ní kí ẹ kìlọ̀ fún ọmọ yín, kí ẹ rántí bí ilé yín ṣe jó. Ó ní ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ta ló rán an wá rán yín létí ulé yín, ṣé òun ló bá yín kó eérú rẹ̀ ni? Ó ní ẹ ro aṣọ mọ́ ìdí, ẹ̀yin tí orúnkún ń dùn, ẹ gun ọ̀kadà láti Ìyìn dé Ọjà Ọba, ẹ dúró láàárín àwọn elépo, ẹ ránṣẹ́ pe òun wá, ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì lé òun lórí, ẹ sì ní kí gbogbo ọjà ṣe àmín. Ó ní àmín náà dún tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn alábàárù fi sọ ẹrù kalẹ̀. Ó ní ẹ wá sọ fún òun pé ibi yòówù tí ìbò bá gbé òun dé, kò sí alẹ́ tí ẹ kò ní bo iyán sílẹ̀ de òun.

N kò ní fa lẹ́tà yìí ya. Mo ti kọ ọ́, ó sì dára. Ẹ̀mí rẹ̀ ló ṣáájú rẹ̀ dé Ìyìn, ìyẹn ni mo ń sọ fún gbogbo ènìyàn níbí. Ọ̀gá Marẹ́kì ní kí n kí ìyá kánsẹ́lọ̀.

Ọlọ́run yóò dá yín sí kí ẹ jẹun ọmọ títí. Folúkẹ́, o ó ṣe é, kò ní ṣe ọ́. Ẹ bá mi kí ará ilé, ará ọjà, àti ará ìjọ. Ní Kérésì tó ń bọ̀, Ìyé mi, ẹ bo abọ́ méjì, torí n kò ní sọ ọjọ́ tí n ó dé. Bí iyán ogún ọdún náà bá sì jó mi lọ́wọ́, ẹ̀rín ni n ó fi jẹ ẹ́ tán.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ebi iyán ń pa láàárín yìnyín,
Òjó, ọ̀gá alátáyà.