Ìkésíni Tí Fóònù Fi Ránṣẹ́ Lọ́jọ́ Ẹni Mímọ́ Ilé Wa

Ilé wa, lẹ́bàá ojú irin,
Ọjọ́ kẹta, oṣù kọkànlá.

Ognjen ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà ní Belgrade, ṣé ara ìyàwó rẹ le, ṣé iṣẹ́ ń lọ bó ṣe yẹ? Ọlọ́run tó jẹ́ kí a rí òpin oṣù kẹwàá yóò jẹ́ kí a fojú kan ara wa kí yìnyín tó dí ọ̀nà. Èmi wà níhìn-ín. Orúnkún òsì ń dùn mí bí òjò bá ti ń ṣú, màlúù kò tíì bí, èso kò pọ̀ lórí igi lọ́dún yìí ṣùgbọ́n ó dùn, ìgò ọtí rakija mẹ́rìnlá ni mo rí nínú rẹ̀. Desanka tó ń pín lẹ́tà ní kí n kí ọ. Òun ni yóò gbé èyí lọ síbi tí wọ́n ti ń fi lẹ́tà ránṣẹ́, nítorí ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ kò ṣeé sọ sínú fóònù. Fóònù wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ẹni mímọ́ ilé wa ni, èyí tí bàbá ń fà lé ọmọ lọ́wọ́ láti ìran dé ìran. O bi mí lẹ́yìn rẹ̀ bóyá ó dùn, mo ní ó dùn. Irọ́ ni mo pa fún ọ. Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo fi ṣọ́ ibi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń ré ọ̀nà kọjá, tí mò ń kọ agogo tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan kọjá sínú ìwé, n kò sì kọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Jẹ́ kí n kọ èyí náà bó ṣe rí.

Inú rere ni o fi ṣe é, mo mọ̀. O ní láti ìgbà tí ìyá rẹ ti kú èmi nìkan ni mò ń dáná, kí n má se oúnjẹ tí yóò ṣòfò, o ní o máa fi nǹkan kan ránṣẹ́ sínú fóònù gbogbo èèyàn kí a lè mọ ẹni tó ń bọ̀. Èmi náà mọ̀ pé a kì í pe ẹnikẹ́ni sí ọjọ́ Lúùkù Mímọ́. Bàbá mi kò pe èèyàn rí, bàbá tirẹ̀ náà kò pè. Ẹni tó bá mọ ilé mọ ọjọ́, ó sì ń wá. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé fóònù kì í ṣe èèyàn, bó bá sọ̀rọ̀ a ò lè kà á sí pé èèyàn ló pe èèyàn. Mo rò pé yóò kàn rán wọn létí ọjọ́ ni, bíi kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun Desanka bá mi ṣí ohun tí o fi ránṣẹ́. Ó ní èèyàn mẹ́tàlélógún ti rí i. Inú mi dùn débi pé mo fún un ní ìgò ọtí kan. Mo se oúnjẹ èèyàn mẹ́tàlélógún, odindi ẹlẹ́dẹ̀ kan, ìkòkò ńlá méjì ẹran tí a fi ewé kábéèjì wé, àti àlìkámà olóyin tí ìyá rẹ kọ́ mi. Níbi iṣẹ́ wa, ẹni tó bá ti rí àsíá pupa, ó ti dúró nìyẹn. N kò mọ̀ pé nínú fóònù èèyàn lè rí nǹkan kí ó sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ náà gan-an mo gbé búrẹ́dì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní agogo méje, àlùfáà gbàdúrà sí i, ó ní òun ò lè bá mi dé ilé, abúlé méje ni òun nìkan ń ṣe. Mo tan àbẹ́là ní agogo mẹ́sàn-án. Mo wọ kóòtù dúdú. O mọ̀ pé baálé ilé kì í jókòó lọ́jọ́ yẹn, òun ló ń dúró gbé oúnjẹ fún àlejò. Láti agogo mẹ́wàá ni mo ti wà lórí ìdúró, kí ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé má bàa bá mi lórí ìjókòó. Agogo méjìlá lù. Agogo kan lù. Mo ní bóyá wọ́n fẹ́ kó ara wọn jọ wá lẹ́ẹ̀kan náà ni.

Agogo méjì ni ìwọ yọjú nínú fóònù. Mo gbé ọ ti àbẹ́là kí ojú rẹ lè kọ sí búrẹ́dì. O ń sọ pé mo rù, mo ní n kò rù, ni o bá dákẹ́. Ẹnu rẹ ṣí díẹ̀, ojú rẹ ń wo iná náà, o ò mira. Mo ní ọmọ mi ń gbàdúrà fún ìyá rẹ̀. Mo ní Belgrade kò tíì bà á jẹ́. Èmi náà tẹrí ba, mo dúró tì ọ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún mo gbójú sókè, o ṣì wà lórí rẹ̀. Ojú tì mí láti kọ́kọ́ ṣe àmín. Ọjọ́ kejì ni Desanka tó ṣàlàyé fún mi pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló já, pé ìwọ ti lọ, ojú rẹ nìkan ló kù. N kò bínú. Nínú gbogbo ọjọ́ náà, àdúrà yẹn ló dára jù.

Ṣùgbọ́n búrẹ́dì kò ṣeé fi fóònù bù. Ọwọ́ mẹ́rin ló ń gbà, èèyàn méjì a dì í mú, wọn a yí i, wọn a da wáìnì sí i, wọn a bù ú láàárín ara wọn. Bí èèyàn kan bá dá a bù, oúnjẹ lásán ló ń jẹ yẹn. N kò sì lè jáde lọ wá ẹnikẹ́ni wọlé, nítorí ìyẹn náà, ìpè ni. Mo ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, òtútù ń wọlé, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mò ń wúkọ́ kíkan kí ẹni tó bá ń kọjá lè mọ̀ pé mo wà nílé.

Agogo mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Miloje dà màlúù rẹ̀ kọjá. Miloje tó jẹ́ pé òun ló ń bá mi bu búrẹ́dì lọ́dọọdún. Mo kí i, mo ní màlúù rẹ̀ sanra. Ó ní kò ṣe ní sanra, ṣé ẹnì kan ń bi í bóyá ó máa wá jẹun kó tó ju koríko sílẹ̀ fún un ni? Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó ní ogójì ọdún lòun ti ń wọ ilé mi láìkanlẹ̀kùn, àní lọ́dún tí a ń jà nítorí ààlà, òun wá, òun mutí mi, ìjà náà sì bẹ̀rẹ̀ padà lọ́jọ́ kejì. Ó ní ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí fóònù ní kí òun mú ọ̀kan: mo ń bọ̀, n kò ní wá, bóyá. Ó ní òun ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé “n kò ní wá” wà nínú ilé mi. Ó ní ìyàwó òun tiẹ̀ kọ́kọ́ bú sẹ́kún, nítorí fọ́tò ìwé ìdánimọ̀ mi lo fi síbẹ̀, orúkọ mi lábẹ́ rẹ̀, ọjọ́ àti agogo, gẹ́lẹ́ bí ìwé tí a ń lẹ̀ mọ́ òpó iná bí èèyàn bá kú. Nígbà tó wá rí i pé mo wà láàyè, inú bí i pé mo fi omijé òun ṣòfò. Mo ní Miloje, fóònù ló béèrè, kì í ṣe èmi. Ó ní kí fóònù náà wá dúró gbé ọtí fún òun nígbà náà, ọ̀gá ojú irin.

Kò tètè lọ. Ó di okùn màlúù mú, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Mo fẹ́ ní kó wọlé, ó kù díẹ̀ kó bọ́ lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, á jẹ́ pé lóòótọ́ ni mo ti di ẹni tó ń pe èèyàn. Mo dákẹ́ kó lè wọlé fúnra rẹ̀. Bóyá òun náà ń dúró kí n sọ̀rọ̀. Màlúù ló kọ́kọ́ gbẹ́sẹ̀.

Agogo mẹ́fà mo fi wáìnì pa àbẹ́là. Mo jókòó. Láti ọjọ́ tí bàbá mi ti fa ẹni mímọ́ náà lé mi lọ́wọ́, n kò jókòó lọ́jọ́ yẹn rí. Títí di òní, odindi ni búrẹ́dì náà ṣì wà lábẹ́ àwòrán ẹni mímọ́ náà, ó ti le bí òkúta. Mo bi àlùfáà ohun tí a ń fi irú rẹ̀ ṣe, ó ní ẹnikẹ́ni ò bi òun rí.

Lánàá fóònù tún dún. Desanka kà á fún mi: ọmọbìnrin Miloje tó wà ní Novi Sad ti fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ nítorí Dimitri Mímọ́, ẹni mímọ́ ilé tiwọn, ọjọ́ kẹjọ oṣù yìí. Fọ́tò Miloje nìyẹn pẹ̀lú fìlà, àti ìdáhùn mẹ́ta náà lábẹ́. Mo ní ṣé ó ń gbẹ̀san ni? Desanka ní, “Bàbá Ognjen, ẹ̀san wo? Ọmọ yín ló sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ó wúlò. Ojú ń ti bàbá náà, kò jáde láti àárọ̀.” Ó ní ẹnikẹ́ni ò tíì tẹ nǹkan kan.

Láti ìgbà náà ni mo ti di fóònù mú. Bí mo bá tẹ “mo ń bọ̀”, mo ti gbà nìyẹn pé à ń gba àyè kí a tó dé ilé Miloje. Bí n kò bá tẹ nǹkan kan, yóò rí i pé mo ti rí i, yóò sì dúró bí mo ṣe dúró. Bí o bá mọ bí a ṣe ń sọ ohun tí èèyàn ti rí di àìrí, bá mi ṣe é. Bí kò bá ṣeé ṣe, n ó lọ láìtẹ ohunkóhun. N kò mọ̀ bóyá yóò jẹ́ kí n wọlé.

Nítorí náà, jọ̀ọ́, fi ẹgbẹ̀rún méjì dinar ránṣẹ́, kí n ra kọfí àti ṣúgà lọ síbẹ̀, nítorí a kì í lọ lọ́wọ́ òfo. Fi sínú àpòòwé. Èyí tí o fi sínú fóònù níjọ́sí, mo gbọn fóònù títí, kò já bọ́, àfi ìgbà tí Desanka mú mi lọ sí báńkì.

O sì bi mí bóyá n ó fa ẹni mímọ́ náà lé ọ lọ́wọ́ lọ́dún yìí, kí o máa ṣe é ní Belgrade. Rárá o, ọmọ mi, kì í ṣe ìbínú. Ìdí búrẹ́dì ni a ti ń fà á léni lọ́wọ́, kí ọwọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nílé. N ó ṣì dì í mú. Ọlọ́run yóò fi èèyàn yí ọ ká níbi tí o wà, àwọn tí o kò ní láti kà. Bí o bá dé tí o kò bá mi, má bi ẹnikẹ́ni bóyá kí o wọlé. Ṣáà wọlé.

Èmi ni bàbá rẹ,
Svetozar.